Ẹ wá ibi tí omi ti ń wọlé kí ẹ tó gé wáyà ọkọ̀

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn o. Òjò ti dé, àwọn ọkọ̀ akẹ́rù tó ti dàgbà sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe bí ẹni tí wọ́n sà sí. Wáípà á dédé máa gbá gíláàsì nígbà tí oòrùn ń ràn. Wọ́n á ti ilẹ̀kùn, iná inú ọkọ̀ ò ní kú. Bátìrì tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rà á kú mọ́jú. Fèrè á máa dún fúnra rẹ̀ lóru títí gbogbo àdúgbò á fi jí. Awakọ̀ á gbé e lọ bá rìwáyà, rìwáyà á pààrọ̀ bátìrì, á pààrọ̀ ọ́tánétọ̀ tó ń fi iná kún bátìrì, á gé wáyà méjì, á fi téèpù dì wọ́n pọ̀, owó á sì lọ. Òjò mìíràn á rọ̀, àìsàn á padà. Mi ò kọ lẹ́tà yìí láti bú àwa tá à ń ṣiṣẹ́ wáyà. Ohun tó fà á ni pé a kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá. Omi ni ẹ̀tẹ̀ ibẹ̀. Wáyà tó ń ṣe wèrè, làpálàpá lásán ni.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ bí omi ṣe ń ṣe é, torí ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n á máa wá àìsàn níbi tí kò sí. Omi òjò fúnra rẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ gbé iná. Àmọ́ kò sí omi òjò tó máa dé inú àpótí fíúùsì tí kò ní ti kó eruku, ìdọ̀tí ewé àti ìpẹtà mọ́ra lọ́nà. Omi ẹlẹ́gbin yẹn ló ń gbé iná láti orí píìnì kan bọ́ sórí ìkejì. Iná tó ń gba ibẹ̀ kọjá kì í pọ̀ débi tí fíúùsì á fi já, ìdí nìyẹn tí ẹni tó yẹ fíúùsì wò á fi sọ pé gbogbo rẹ̀ pé. Ṣùgbọ́n ó tó láti tan kọ̀ǹpútà ọkọ̀ jẹ. Ẹ wo bọ́tìnnì kékeré tó wà létí ilẹ̀kùn: gbogbo iṣẹ́ rẹ̀ ò ju kó fi wáyà tíńrín kan kan ara ọkọ̀ nígbà tí ilẹ̀kùn bá ṣí. Bí omi bá wá fi wáyà yẹn kan áàtì, ìyẹn wáyà tó so mọ́ ara irin ọkọ̀, nínú sọ́kẹ́ẹ̀tì, kọ̀ǹpútà ò mọ̀ pé omi ni. Ohun tó mọ̀ ni pé ilẹ̀kùn ṣí. Á tan iná inú ọkọ̀, á máa ké, kò sì ní sùn títí ilẹ̀ á fi mọ́.

Bí omi bá wá pẹ́ níbẹ̀, ó ń jẹ irin. Píìnì tí iná máa ń wà lórí rẹ̀ nígbà gbogbo, kódà bí ọkọ̀ bá kú, ni ó máa ń jẹ jù. Iná bátìrì àti omi jọ ń tú kọ́pà ara píìnì náà díẹ̀díẹ̀, wọ́n ń sọ ọ́ di ẹbu aláwọ̀ ewé. Ẹ ya irú sọ́kẹ́ẹ̀tì bẹ́ẹ̀ wò: ẹ ó rí i pé píìnì áàtì ṣì ń dán díẹ̀, nígbà tí èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, tó ń gba fóltì 12 tọ̀sán-tòru, ti kù bí eyín arúgbó. Wáyà fúnra rẹ̀ ò yọ. Okùn kọ́pà wẹ́wẹ́ ni wọ́n lọ́ pọ̀ sínú rọ́bà, omi sì máa ń gun àárín okùn wọ̀nyẹn bí epo ṣe ń gun òwú àtùpà. Ẹ lè bó rọ́bà wáyà ní ìwọ̀n apá kan sí ibi tí omi ti wọ̀ ọ́, kí ẹ bá kọ́pà inú rẹ̀ tó ti dúdú bí èédú. Lẹ́ẹ̀dì tí wọ́n fi ń jó wáyà pọ̀ ò ní mú un mọ́.

Irú wáyà yìí ló ń sọ rìwáyà di òpùrọ́ lójú oníbàárà. Mítà tí a fi ń wọn iná á fi fóltì 12 hàn lórí rẹ̀ torí pé mítà kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ fa iná rárá; okùn kọ́pà kan ṣoṣo tó ṣẹ́kù ti tó o. Ẹ má gbà á gbọ́. Ẹ so gílóòbù bíréèkì, oníwáàtì 21, mọ́ ìdí wáyà náà kí ẹ tún wọn fóltì rẹ̀ nígbà tí gílóòbù ń tàn. Gílóòbù yẹn ń fa iná bí áḿpù 1.75. Wáyà tó yè á tàn án yòò, mítà ò sì ní fi bẹ́ẹ̀ wálẹ̀. Bí gílóòbù bá pọ́n rẹ́súrẹ́sú, tí 12 di 7 tàbí 5, ẹ ti mú olè.

Ọkọ̀ tó lè jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí yéni jù ni Ford F-150 ti ọdún 1999 sí 2003. Lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù, lápá òsì awakọ̀, ni àpótí fíúùsì rẹ̀ wà. Ẹ̀yìn àpótí náà gan-an ni wọ́n de kọ̀ǹpútà kékeré kan mọ́, GEM ni wọ́n ń pè é. Òun ló ń darí wáípà, iná inú ọkọ̀, ohùn ìkìlọ̀ ilẹ̀kùn, gíláàsì awakọ̀ tí wọ́n á tẹ̀ lẹ́ẹ̀kan tá máa sọ̀kalẹ̀ lọ, àti yíyí ọkọ̀ sí ẹsẹ̀ mẹ́rin, kí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jọ máa fà á, lára èyí tó bá ní i. Igun ìsàlẹ̀ gíláàsì iwájú sì wà lókè ibẹ̀. Bí gọ́ọ̀mù tó mú gíláàsì yẹn bá là, omi á tẹ̀lé irin ẹ̀gbẹ́ wálẹ̀, á kán sórí àpótí fíúùsì, á rọra yọ́ sẹ́yìn rẹ̀ níbi tí ojú ò dé. Kápẹ́ẹ̀tì lè gbẹ fúláfúlá, torí omi náà ò pọ̀ tó láti dé ilẹ̀. Fíúùsì pé, kápẹ́ẹ̀tì gbẹ, wáípà ń dá ṣiṣẹ́: ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń pààrọ̀ mọ́tò wáípà tí kò ṣẹ̀ wọ́n.

Ẹni tó bá bá a pàdé, kó kọ́kọ́ tú orí nẹ́gétíìfù bátìrì. Kó ya fọ́tò gbogbo sọ́kẹ́ẹ̀tì kó tó yọ ọ̀kankan. Kó wá tú àpótí fíúùsì, kó fà á síwájú, kó yọ kọ̀ǹpútà náà kúrò lẹ́yìn rẹ̀, kó sì fi tọ́ọ̀ṣì wo ẹsẹ̀ píìnì lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹbu funfun tàbí ti àwọ̀ ewé, tàbí ìlà bí ibi tí omi ti gbẹ sí lára àwo, ni ẹ̀rí. Kó ṣí ike ara rẹ̀, kó fi búrọ́ọ̀ṣì eyín tó rọ̀ àti sípíríìtì tó mọ́ dáadáa, èyí tó jẹ́ ìdá 90 nínú 100 ó kéré tán, fọ pátákó inú rẹ̀. Ẹ má fi pẹtiróòlù fọ̀ ọ́ o. Yàtọ̀ sí pé iná lè ràn, ó ń ba ike àti rọ́bà jẹ́. Kí pátákó náà wà níwájú fáànù fún odidi ọjọ́ kan. Sísá a sí oòrùn ọ̀sán lórí bọ́nẹ́ẹ̀tì kò dáa, ooru ibẹ̀ ti pọ̀ jù fún un. Bí ìlà kọ́pà tó wà lórí pátákó bá ti já, òmíràn ni kí wọ́n wá, nọ́ḿbà ara rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ bá ti àkọ́kọ́ mu, torí kì í ṣe gbogbo GEM tó jọra ló ń ṣe iṣẹ́ kan náà. Kí wọ́n má sì tíì dè é padà títí wọn ó fi dí ibi tí omi ti ń wọlé. Kọ̀ǹpútà tuntun lábẹ́ gíláàsì tó ń jò, owó tí wọ́n dà sómi ni.

Èyí tó tẹ̀lé e, F-150 ti 2004 sí 2008, ní ọ̀nà tirẹ̀. Iná bíréèkì kẹta tó wà lókè gíláàsì ẹ̀yìn ni ẹ máa kọ́kọ́ wò. Fóòmù tó wà ní ìdí rẹ̀ máa ń gbó, omi á gba ibẹ̀ wọlé, á gba inú ògiri ẹ̀yìn ìjókòó sọ̀kalẹ̀ láìkán sára ẹnikẹ́ni, á lọ rin fóòmù abẹ́ kápẹ́ẹ̀tì. Awakọ̀ á ní gíláàsì ẹ̀yìn ló ń jò. Ẹ fọwọ́ kan kápẹ́ẹ̀tì ẹ̀yìn, ẹ ó mọ̀.

Omi tí ẹ bá bá nínú ọkọ̀ kì í ṣe ti òjò nígbà gbogbo o. Bí ó bá ń rin kápẹ́ẹ̀tì ẹni tó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ awakọ̀ nínú ẹ̀ẹ̀rùn, omi éésì ni. Rọ́bà kékeré kan wà tó gba ara irin tó pín ẹ́ńjìnnì àti inú ọkọ̀ níyà, òun ló yẹ kó máa da omi éésì sílẹ̀. Bí éésì bá ti ṣiṣẹ́ fún ìṣẹ́jú 15 lọ́jọ́ tí ooru mú, tí kò sí omi lábẹ́ ọkọ̀, rọ́bà yẹn ti dí. Ẹ̀mú tàbí irin ṣóńṣó kọ́ ni wọ́n fi ń là á, torí páìpù éésì ò jìnnà sí ẹnu rẹ̀. Wáyà tó rọ̀ tàbí atẹ́gùn díẹ̀ láti ìsàlẹ̀ ti tó. Bí omi náà bá wá ń yọ̀ lọ́wọ́, tó ń rùn dídùn-dídùn, tí gíláàsì iwájú sì ń ṣe kùrukùru ọlọ́ràá, omi rádíétọ̀ ni, páìpù híítà ló ti là. Ìyẹn tún burú ju ti òjò lọ fún wáyà, nítorí kì í gbẹ.

Ti òjò ló pọ̀ jù, ewé sì ni baba rẹ̀. Lábẹ́ wáípà, níbi tí gíláàsì ti pàdé bọ́nẹ́ẹ̀tì, kòtò kan wà níbẹ̀ tó ń gba omi gíláàsì, ó sì ní ihò lọ́tùn-ún àti lósì tó ń da omi sẹ́yìn táyà iwájú. Ọkọ̀ tí wọ́n ń gbé sábẹ́ igi máńgòrò tàbí dóńgóyárò lójoojúmọ́, ewé á kún kòtò yẹn, á jẹrà, á di ilẹ̀dú. Mo ti sọ fún àwọn ọmọ iṣẹ́ pé bí wọ́n bá rí i tí nǹkan hù níbẹ̀, kí wọ́n má wulẹ̀ gbé mítà. Omi tí kò rọ́nà lọ á ga títí á fi dé ojú ihò tí bùlówà, fáànù tó ń fẹ́ atẹ́gùn sínú ọkọ̀, ti ń fa atẹ́gùn, á rọ́ wọnú ọkọ̀ níbẹ̀. Bùlówà á kọ́kọ́ máa pariwo bí ẹní ń fi ife bu omi, lẹ́yìn náà iyára rẹ̀ kan á kú, gbogbo rẹ̀ á sì tẹ̀lé e. Ẹ yọ ike ojú ibẹ̀, ẹ kó ewé jáde, ẹ da gálọ́ọ̀nù omi kan sí i, kí ẹ wo ẹ̀yìn táyà méjèèjì. Bí omi kò bá jáde ní kíákíá, ó ṣì dí.

Àwọn ọ̀nà yòókù: rọ́bà tó yí ìdì wáyà ká níbi tó ti gba ara irin kọjá látinú ẹ́ńjìnnì, pàápàá bí ẹnì kan bá ti gún un láti fi wáyà mìíràn kọjá, ihò éríà rédíò, iná kéékèèké orí òrùlé lára àwọn ọkọ̀ ńlá, ọ̀rá tó wà lẹ́yìn páálí ilẹ̀kùn, tí ẹni tó tún gíláàsì ṣe ti fà ya tí kò lẹ̀ ẹ́ padà, àti ihò ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn tí amọ̀ ti dí. Ilẹ̀kùn tó bá ń ró pọ̀bùn-pọ̀bùn bí ẹ bá ṣí i, omi ló wà nínú rẹ̀. Rọ́bà oníkókó tó so wáyà ilẹ̀kùn mọ́ ara ọkọ̀ náà máa ń là, wáyà inú rẹ̀ á sì já nítorí ṣíṣí-títì ojoojúmọ́. Ẹ tú u wò kí ẹ tó ra súwíìṣì gíláàsì.

Bí wọ́n ṣe ń wá ibi tó ń jò rèé. Ẹ yọ ìjókòó àti kápẹ́ẹ̀tì, ẹ nu gbogbo irin gbẹ. Ẹ tẹ́ ìwé ìròyìn sílẹ̀ (tiyín tí wọ́n ti kà tán gan-an wúlò fún un, Olóòtú), ẹ sì gbọn páúdà ọmọdé sára irin ẹ̀gbẹ́ àti ẹ̀yìn dáṣíbọ́ọ̀dù. Ibi tí omi bá gbà, ó máa fa ìlà sínú páúdà. Ẹnì kan á wà nínú ọkọ̀ pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì, ilẹ̀kùn títì. Èkejì á máa da omi láti ìta, omi tó rọra ń ṣàn láti inú họ́ọ̀sì, kì í ṣe ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń fọ ọkọ̀, torí ìyẹn á fi agbára kọjá níbi tí òjò kì í gbà. Ìsàlẹ̀ ni kó ti bẹ̀rẹ̀: ilẹ̀kùn, ìdí gíláàsì, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kó tó gòkè dé òrùlé. Ìṣẹ́jú 5 sí 10 lójú kan kó tó kúrò níbẹ̀. Ẹni tó bá ti òrùlé bẹ̀rẹ̀, omi á ṣàn dé ibi gbogbo lẹ́ẹ̀kan náà, kò sì ní mọ èwo ló jò.

Bí ó bá jẹ́ ìdí gíláàsì, ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi sílíkónì olówó pọ́ọ́kú yí i ká láti ìta, ní pàtàkì èyí tó ń rùn bí fínígà. Ásíìdì tó ń jáde lára rẹ̀ bó ṣe ń gbẹ máa ń mú irin dípẹtà, omi á sì wá gba abẹ́ ìpẹtà yẹn wọlé. Wọ́n gbọ́dọ̀ yọ gíláàsì, kí wọ́n ha ìpẹtà eteetí irin náà títí á fi dán, kí wọ́n kùn ún ní páìmà, kí wọ́n tó fi gọ́ọ̀mù dúdú tí wọ́n ṣe fún gíláàsì ọkọ̀ lẹ̀ ẹ́. Àwọn onígíláàsì wa mọ̀ ọ́n. Awakọ̀ ló máa ń ní òun ń kánjú.

Ẹ wá jẹ́ ká bọ́ sórí bátìrì tó ń kú mọ́jú. Bátìrì tó kún, tí ọkọ̀ ti sinmi fún wákàtí mélòó kan, yẹ kó wà ní fóltì 12.6. Bó bá jẹ́ 12.2, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ìdajì. Ẹ ṣíná ọkọ̀: bí mítà bá wà láàárín 13.8 sí 14.5, ọ́tánétọ̀ ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀, ẹ fi í sílẹ̀ jẹ́ẹ́. Ẹ pa ọkọ̀, ẹ yọ kọ́kọ́rọ́. Àwọn ilẹ̀kùn tí ẹ ní láti ṣí kí ọwọ́ lè dé fíúùsì, ẹ fi sùkúrúdíráífà yí ẹnu lọ́ọ̀kù wọn kí ọkọ̀ lè rò pé wọ́n ti pa. Ẹ gbé wáyà pupa mítà sí ihò 10A, ẹ tú kébù nẹ́gétíìfù, ẹ fi mítà sáàárín kébù yẹn àti orí bátìrì. Ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ yí kọ́kọ́rọ́ láti ṣíná nígbà yẹn o, fíúùsì inú mítà á já lójú ẹsẹ̀. Ẹ dúró fún ìṣẹ́jú 20 sí 40 kí gbogbo kọ̀ǹpútà ọkọ̀ tó sùn. Lẹ́yìn ìyẹn, iná tó ń jáde kò yẹ kó ju áḿpù 0.05 lọ. Bí ẹ bá rí 0.5, ẹ ṣírò rẹ̀: lójúmọ́ kan, ó ti mu áḿpù 12 oníwákàtí, bátìrì áḿpù 60 oníwákàtí ò sì ní lè ta ẹ́ńjìnnì mọ́ ní ọjọ́ kejì sí ìkẹta. Ẹ máa yọ fíúùsì lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí tí ẹ bá yọ tí mítà já wálẹ̀, ọ̀nà rẹ̀ ni kí ẹ tọ̀. Bí ẹ bá yọ gbogbo wọn tí kò wálẹ̀, ẹ wo ọ́tánétọ̀ àti kébù kìkì tó ń ta ẹ́ńjìnnì, torí wọn kì í sábà gba inú àpótí yẹn kọjá.

Ìgbà tí omi òjò ò tíì gbẹ lára ọkọ̀ ni kí ẹ ṣe gbogbo èyí. Bí oòrùn bá ti pa á fún ọjọ́ mẹ́ta, 0.5 lè ti di 0.03, rìwáyà á sì búra pé kò sí nǹkan tó ṣe é. Ìdí nìyẹn tí ọkọ̀ tó ń ṣe wèrè ní àrọ̀kúrọ̀ òjò fi máa ń ṣe bí tuntun nígbà ọyẹ́. Kò tíì sàn. Ẹbu aláwọ̀ ewé yẹn ṣì wà nínú sọ́kẹ́ẹ̀tì, ó ń dúró de ọ̀rinrin.

Iná ẹ̀yìn, iṣẹ́ áàtì ni. Ẹ tẹ bíréèkì kí ẹnì kan dúró sẹ́yìn ọkọ̀. Bí tíráfíkétọ̀ bá ń tàn rẹ́súrẹ́sú pẹ̀lú rẹ̀, tí bíréèkì fúnra rẹ̀ ò sì mọ́lẹ̀ dáadáa, iná ò rọ́nà gba áàtì padà sí bátìrì. Ó wá ń gba inú gílóòbù kejì lọ wá ọ̀nà. Ẹ fi ẹsẹ̀ mítà kan sí áàtì àpótí iná ẹ̀yìn, ẹ fi ìkejì sí orí nẹ́gétíìfù bátìrì, kí iná máa tàn. Bó bá ju fóltì 0.2 lọ, áàtì ti bàjẹ́. Ẹ tú bóòtù rẹ̀, ẹ ha ọ̀dà àti ìpẹtà títí irin á fi funfun, ẹ dè é le, lẹ́yìn náà ni kí ẹ tó fi gíríìsì bo orí rẹ̀. Bí gíríìsì bá ṣáájú ìdè, iṣẹ́ òfo ni. Lára Hilux àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tó ń rìn lórí ilẹ̀ pupa, ẹ tún tọ ìdì wáyà ẹ̀gbẹ́ ṣáṣíì láti iwájú dé ẹ̀yìn, níbi tí amọ̀ ti lẹ̀ mọ́ ọn tí omi kì í gbẹ.

Bí ẹ bá máa gé wáyà, ẹ gé e sẹ́yìn títí ẹ ó fi bá kọ́pà tó ń dán, ì báà jẹ́ ìka mẹ́rin, ì báà jẹ́ apá kan. Ẹ kọ́kọ́ ti rọ́bà tó máa ń fún mọ́ra nínú iná, èyí tó ní gọ́ọ̀mù nínú, bọ wáyà náà. Ẹ fi lẹ́ẹ̀dì jó ojú kọ́pà méjèèjì pọ̀. Ẹ wá fa rọ́bà bò ó, ẹ fi iná rà á títí gọ́ọ̀mù á fi yọ létí. Ẹ má jẹ́ kí gbogbo ìsopọ̀ wà lójú kan náà nínú ìdì. Téèpù dúdú nìkan ò tó: ooru ọkọ̀ á yọ́ gọ́ọ̀mù rẹ̀, á tú, omi á sì padà sílé.

Ìwà méjì tún wà tí a gbọ́dọ̀ fi sílẹ̀ nínú iṣẹ́ yìí. Àkọ́kọ́ ni ká máa fi ẹnu tẹ́sítà gún rọ́bà wáyà káàkiri. Gbogbo ihò yẹn, ilẹ̀kùn ni fún omi ọdún tó ń bọ̀. Ẹ̀yìn sọ́kẹ́ẹ̀tì ni kí a ti wò ó, bó bá sì di dandan kí a gún un, kí a dí i. Tẹ́sítà onígílóòbù tún ń fa iná ju ohun tí àwọn wáyà tíńrín inú brain box, ìyẹn kọ̀ǹpútà ọkọ̀, lè gbà lọ, mítà ni kí a lò níbẹ̀. Èkejì ni fífi wáyà dí ojú fíúùsì. Pupa jẹ́ áḿpù 10, búlúù 15, yẹ́lò 20, aláwọ̀ ewé 30. Ẹni tó bá fi aláwọ̀ ewé sípò pupa, tàbí tó ki wáyà sí i, ti sọ wáyà ọkọ̀ fúnra rẹ̀ di fíúùsì. Lábẹ́ kápẹ́ẹ̀tì ló sì máa ti já, pẹ̀lú iná.

Mercedes 911 àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ àtijọ́ rọrùn ju èyí lọ. Kò sí kọ̀ǹpútà lára wọn tí omi máa tàn jẹ. Fíúùsì ṣóńṣó-ṣóńṣó wọn, funfun áḿpù 8 àti pupa áḿpù 16, máa ń dípẹtà ní orí méjèèjì láìjá. Ẹ fi ìka yí i lójú ibi tó wà, iná á padà dé. Ẹ ha ẹnu irin tó mú un lọ́jọ́ náà gan-an, kó má ṣe di pé ojoojúmọ́ ni ẹ ń yí i.

Ẹni tó fẹ́ ra tòkunbọ̀ ńkọ́? Kó mọ̀ pé ọkọ̀ tí àgbàrá ti bò mọ́lẹ̀ máa ń dé ọjà gbàǹjo ní Amẹ́ríkà lẹ́yìn ìjì ńlá, irú Katrina ní 2005 àti Harvey ní Texas ní 2017. Kó fa bẹ́líìtì ìjókòó jáde tán pátápátá kó wo ìdí rẹ̀ bóyá ìlà amọ̀ wà níbẹ̀. Kó wo bóòtù abẹ́ ìjókòó, kó wo inú iná iwájú, kó ki ọwọ́ sẹ́yìn dáṣíbọ́ọ̀dù bóyá eruku ibẹ̀ ti di amọ̀ gbígbẹ. Kó fi nọ́ḿbà ara ọkọ̀, oníhóró 17, wo ìtàn rẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ọkọ̀ tí omi ti bo kọ̀ǹpútà rẹ̀ yàtọ̀ sí èyí tó ń jò. Ìyẹn ò ṣe é fi họ́ọ̀sì àti páúdà wá.

Ẹ̀yin awakọ̀, bí rìwáyà bá ní òun ti parí iṣẹ́, ẹ má tíì san gbogbo owó tán. Ẹ ní kó da omi sí gíláàsì àti òrùlé fún ìṣẹ́jú 15 lójú yín. Ẹ gbé kápẹ́ẹ̀tì, ẹ fọwọ́ tẹ fóòmù abẹ́ rẹ̀, torí òkè rẹ̀ lè gbẹ fún ọ̀sẹ̀ kan nígbà tí ìsàlẹ̀ ṣì ń kán. Lẹ́yìn ìyẹn, kó gbé mítà sórí bátìrì, kí ẹ jọ dúró títí ọkọ̀ á fi sùn. Bó bá ṣì ju 0.05 lọ, kí ọkọ̀ sùn sọ́dọ̀ rẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ yẹn.

Èmi ni tiyín,
Rìwáyà ọkọ̀ akẹ́rù kan,
Ìbàdàn.